Ẹ Bi Tíṣà Àgbà: Ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún 19, ta ni yóò mọ̀ ọ́n tí mi ò bá sí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà Àgbà. Bàrígà ni mò ń gbé, aṣọ òkìrìkà ni mò ń tà ní Yábàá. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àlàbí nínú lẹ́tà yìí, pé ọmọ ọdún 19 ní oṣù tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí dókítà sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni, pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Tí ẹ bá bi í pé "Ṣé o fẹ́ jẹun?" òun náà á ní "Ṣé o fẹ́ jẹun?" Ó mọ nọ́ńbà dáadáa. Gbogbo ibùdókọ̀ ọkọ̀ ojú irin tuntun yẹn, láti Agbádó dé Oyíngbò, ló lè kà fún yín láìfo ọ̀kan.

Ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ ní àwọn ò lè gbà á mọ́ torí ó ti dàgbà jù. Ilé ló wà láti oṣù kẹsàn-án. Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni pé láti kékeré ló ti fẹ́ràn láti máa gbóòórùn irun obìnrin. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa pè é ní "ọkọ mi". Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ṣe é fún obìnrin kan ní ibùdókọ̀. Obìnrin náà figbe ta, ni àwọn ọmọkùnrin kan bá dà bò ó. Ìyá aláta kan tó mọ̀ wá ló gbà á sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń tì í mọ́lé tí mo bá ń lọ sọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣègbéyàwó lọ́dún yìí, ó ń kó lọ sí Ìbàdàn. Pásítọ̀ wa ní kí n mú Àlàbí wá sórí òkè fún ààwẹ̀ ọjọ́ 21. Ọmọ ọdún 56 ni mí, mo sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í ṣe òní ló ń bà mí lẹ́rù, ọjọ́ tí mi ò ní sí ni. Kí ni kí n ṣe?

— Ìyá Àlàbí, Bàrígà

ÌDÁHÙN

Ìyá Àlàbí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, ibì kan náà ni mo sì ń padà sí: ìyá aláta. Gbólóhùn kan péré lẹ fi dárúkọ rẹ̀ tẹ́ ẹ fi kọjá lọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun lẹni tó ṣe kókó jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Kí ló mọ̀ tí àwọn ọmọkùnrin yẹn ò mọ̀? Ó mọ orúkọ Àlàbí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe oníṣekúṣe. Ohun tó gba ọmọ yín là lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wọ̀ mí lára. Àbúrò mi tó kẹ́yìn náà ní ọ́tísíìmù. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí wa sí, Màmá wa nìkan ló sì ń tọ́jú rẹ̀, fún ọdún 33. Nígbà tí Màmá kú ní 2009, ó ti pé ọdún 18 tí mo ti ń kọ́ àwọn akanda ọmọ ní kíláàsì, mo sì rò pé mo mọ àbúrò mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹun. Mo se ẹ̀wà, ó ti abọ́ sẹ́yìn. Mo ra búrẹ́dì, mo ra àkàrà, mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Àwọn kan nínú ẹbí ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é, àwọn mìíràn ní ìyá rẹ̀ ló ń pè é. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá alákàrà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa wọlé wá kí wa. Ó wo oúnjẹ tó wà nílẹ̀, ó ní, "Abọ́ búlúù ẹ̀ dà?"

Abọ́ tánganran búlúù kan tó ti bó létí ni Màmá fi máa ń bu oúnjẹ fún un láti kékeré. A ti kó o sínú àpótí pẹ̀lú ẹrù wọn. Mo lọ tú u jáde, mo fọ̀ ọ́, mo bu ẹ̀wà kan náà tó kọ̀ láàárọ̀ sínú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún gbé abọ́ náà wá fún mi.

Ọdún 33 ni Màmá fi mọ ọmọ wọn, wọn ò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀. Abọ́ yẹn nìkan la rí gbà padà, ọpẹ́lọpẹ́ alákàrà. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí Màmá mọ̀ tí mi ò tíì mọ̀ títí dòní.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ ra ìwé olójú-ewé 40 kan. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń fi Àlàbí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò rí i rí. Kí ló ń jẹ, kí ló fi ń jẹ ẹ́? Ariwo wo ló ń mú kó di etí? Tí inú bá bí i, kí lẹ máa ń ṣe tó fi ń rọlẹ̀? Ẹ kọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ túmọ̀ sí. Tó bá ń tún ìbéèrè yín sọ, tó ní "Ṣé o fẹ́ jẹun?", mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé nígbà mìíràn "ebi ń pa mí" ló ń sọ. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Àlejò á rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kọ bí ara ṣe ń dùn ún pẹ̀lú. Àbúrò mi kì í sọ pé eyín ń dun òun, ńṣe ló máa ń fi orí gbá ògiri, àwọn èèyàn sì ti fẹ́ nà án torí rẹ̀ rí kí n tó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Tí ìwé kíkọ bá ni yín lára, ẹ máa sọ ọ́ sínú fóònù lálẹ́, kí ọmọ yín obìnrin bá yín kọ ọ́ kó tó lọ sílé ọkọ. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ìyá aláta.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín obìnrin: ẹ má gbé Àlàbí lé e lórí láìbi í, ẹ má sì rò pé ìgbéyàwó rẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ pè é jókòó kó tó lọ, kẹ́ ẹ bi í pé èwo ló lè ṣe. Ó lè jẹ́ kó máa pè é lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sunday ní aago kan náà. Ó lè jẹ́ kí Àlàbí máa lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún. Ohun kékeré tí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ gbà láti ṣe ló máa ń pẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ síbi irun. Ọmọ yín kò yí padà. Ohun tó ń ṣe lọ́mọ ọdún méje náà ló ń ṣe. Ojú tí ayé fi ń wò ó ló yí, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Àwa àgbà la kọ́ ọ pé kò burú, tí à ń rẹ́rìn-ín tí à ń pè é ní "ọkọ mi". Láti òní lọ, kò gbọ́dọ̀ gbóòórùn irun ẹnikẹ́ni, kódà tiyín, kódà ti àǹtí tó fẹ́ràn rẹ̀ tó ní kò sí wàhálà. Òfin tó bá wà fún ẹnì kan tí kò sí fún ẹlòmíràn máa ń dàrú mọ́ àwọn tó ní ọ́tísíìmù lójú. Ẹ má kàn sọ pé "Má ṣe bẹ́ẹ̀!" Ẹ sọ ohun tó máa ṣe dípò rẹ̀: "Dúró. Ju ọwọ́ sí wọn. Sọ pé ẹ káàsán." Ẹ bẹ ìyá aláta pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ máa fi ìsọ̀ rẹ̀ kọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ tó bá gbà. Òórùn yẹn náà kò gbọ́dọ̀ di ohun tí kò ní rí mọ́, torí pé ó ń fi í tu ara rẹ̀ lára. Ẹ bi í pé ìpara irun wo ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi imú ara rẹ̀ yàn án, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sára áńkáṣíìfù kan tí yóò máa wà nínú àpò rẹ̀. Mo ti rí i kó ṣiṣẹ́ fún ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ náà, ẹ má tijú. Ibi tí èèyàn ti lè bọ́ṣọ, ohun tí a kì í ṣe àfi nínú yàrá wa tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ẹni tó lè fọwọ́ kàn án àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ kàn án. Kó mọ̀ pé òun náà lè ní "Rárá". Ọmọ tí a ti kọ́ láti máa gba gbogbo ohun tí àgbà bá ní kó ṣe, ọwọ́ ìkà ló rọrùn fún jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í mọ́lé mọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, ṣùgbọ́n tí iná bá ṣẹ́ yọ, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? Àti pé ẹni tó wà nínú ilé títì, kò sẹ́ni tó máa mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ mú un jáde lọ́wọ́ ọ̀sán, kẹ́ ẹ jọ rìn káàkiri àdúgbò, ẹ máa fi í han èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan: oní-POS, fọ́ganáísà, àwọn ọmọkùnrin tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, títí kan àwọn tó fẹ́ lù ú. "Àlàbí rè é. Kì í fẹ́ ariwo. Tẹ́ ẹ bá rí i níbi tí kò yẹ, nọ́ńbà mi nìyí." Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí kò sí wàhálà, kẹ́ ẹ fi í han ọ̀gá wọn. Kó ní NIN rẹ̀, kó sì gbé káàdì kan sọ́rùn tó ní orúkọ rẹ̀, "Mo ní ọ́tísíìmù", àti nọ́ńbà èèyàn méjì.

Ẹni àkọ́kọ́ tí dókítà kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé pé ó ní ọ́tísíìmù ni Donald Triplett, ọmọ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Forest ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1933 ni wọ́n bí i. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, wọ́n ní kí àwọn òbí rẹ̀ lọ fi í síbi tí wọ́n ń kó irú wọn sí, wọ́n sì fi í síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n lọ mú un wálé. Ní 1943 ni dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa òun àti ọmọ mẹ́wàá mìíràn. Donald yìí lọ sí yunifásítì, ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì ìlú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń gbá gọ́ọ̀fù, ọmọ ọdún 27 ló tó kọ́ mọ́tò wíwà. Ó pé ẹni ọdún 89 kó tó kú ní 2023. Olówó ni àwọn òbí rẹ̀, ẹbí wọn sì wà lára àwọn tó ni báǹkì náà, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn òbí náà kú, wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì tún gbé ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i láàárín àwọn ará ìlú tó mọ̀ ọ́n láti kékeré tí wọ́n sì gbà á bó ṣe rí. Irú ìyá aláta yín ló pọ̀ ní Forest.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí yẹn: ọmọ ọdún 27. Ilé ẹ̀kọ́ ní Àlàbí ti dàgbà jù, àmọ́ ẹ̀kọ́ ò tíì tán nílẹ̀ fún un. Àbúrò mi ti lé ní ọmọ ọdún 34 kó tó lè dá rìn láti ilé wa dé ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí nítòsí Oyíngbò, níbi tó ti ń ki búrẹ́dì bọ ọ̀rá tó sì ń dì í. Oṣù méje ló gbà wá. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀nà kan náà, aago kan náà, ẹ̀gbẹ́ títì kan náà. Mo wá fi ọwọ́ sílẹ̀, mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà mo bọ́ sí òdìkejì títì. Ní oṣù karùn-ún, mo máa ń lọ dúró dè é ní ilé búrẹ́dì, àyà mi á máa já títí màá fi rí orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ti ọ̀nà pa torí wọ́n ń tún kòtò ṣe, ó dúró lójú kan, ó ń pariwo, gbogbo èrò ń wò ó. A padà sí ìbẹ̀rẹ̀, a kọ́ ọ̀nà kejì. Báyìí, ó mọ méjèèjì.

Àlàbí mọ nọ́ńbà, ó sì mọ ibùdókọ̀. Kò sí kékeré nínú ìyẹn. Ṣómólú kò jìnnà sí yín, àwọn atẹ̀wé kún ibẹ̀, iṣẹ́ kíkà àti títò bébà sì wà lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́. Ẹ bi òun gan-an ohun tó fẹ́. Ẹ fi àwòrán méjì tàbí mẹ́ta síwájú rẹ̀ kó yàn, torí ìbéèrè lásán á kàn tún un sọ padà fún yín. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ilé, bíi pípo gààrí, ẹ̀yin ẹ ṣe gbogbo rẹ̀, kí òun ṣe èyí tó kẹ́yìn, kó fúnra rẹ̀ rí i pé ó parí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó ṣe méjì tó kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa padà sẹ́yìn títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di tirẹ̀.

Ní ti orí òkè, ẹ gbàdúrà fún ọmọ yín, èmi náà ń gbàdúrà fún àbúrò mi. Ṣùgbọ́n bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe dá láti inú oyún ni. Kò sẹ́ni tó rán an sí i, kò sí ẹ̀mí kankan tí ààwẹ̀ fẹ́ lé jáde. Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ rí níbi tí wọ́n ní àwọn ti ń wò wọ́n sàn, mo fi ojú mi rí àpá lọ́rùn ọwọ́ ọmọ kan. Ẹ sọ fún pásítọ̀ pé dípò ọjọ́ 21, kó wá èèyàn méjì nínú ìjọ tí yóò máa bá Àlàbí jókòó fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ kẹ́ ẹ lè sinmi. Àwọn tó ní ọ́tísíìmù sì máa ń ní wárápá ju àwọn mìíràn lọ, ó sì lè jẹ́ ìgbà ọ̀dọ́ bíi ti Àlàbí ló máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń wo ojú kan láìgbọ́ ohun tí à ń sọ, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá, tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Oṣòdì. Mo mọ̀ pé "Yábà Lẹ́fùtì" ni wọ́n fi ń bú èèyàn ní Èkó, ọ̀pọ̀ ìyá ni èébú yẹn kò jẹ́ kó dé ibẹ̀ títí ọmọ wọn fi dàgbà. Ẹ lọ. Ẹ bi wọ́n pé dókítà wo lára àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà ni wọn yóò fà á lé lọ́wọ́, ẹ sì gba ìwé tó sọ gbogbo ìtọ́jú tó ti gbà.

Òfin wà. Ti ìpínlẹ̀ Èkó lórí akanda ẹ̀dá jáde ní 2011, òun ló dá LASODA sílẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akanda ẹ̀dá, ẹ lọ forúkọ Àlàbí sílẹ̀ níbẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n buwọ́ lù ní January 2019, ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ akanda ẹ̀dá. Tẹ́ ẹ bá ní ilẹ̀ tàbí owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún, kí orúkọ ẹni méjì tí yóò máa bá a mójú tó o wà níbẹ̀. Tí owó lọ́yà bá wọ́n, ẹ lọ bi iléeṣẹ́ Public Defender ti ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe tiwọn.

Wọ́n á máa sọ fún yín pé ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Àlàbí kì í ṣe ọmọ ọ̀ràn, ẹ̀yìn yín nìkan kọ́ ló sì yẹ kó wà. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí mi tẹ́ ẹ bá ti kọ ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú déédéé ìwòyí, mà. Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Ṣómólú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 22, ní ọ́tísíìmù, ìyá rẹ̀ sì ń bẹ̀ mí pé kí n gbà á síṣẹ́. Mo fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wa ń pariwo, àwọn oníbàárà ń kánjú, ọmọ náà kì í sì í wo èèyàn lójú tàbí kúnlẹ̀ kí àgbà. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń fi í ṣàánú.

— Bọ̀dá Atẹ̀wé, Ṣómólú

ÌDÁHÙN

Bọ̀dá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbà á. Ìyẹn ti yà yín sọ́tọ̀.

Ẹ wá iṣẹ́ tó wà gan-an, ẹ má dá iṣẹ́ sílẹ̀ torí rẹ̀. Tí ẹ bá ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú tàbí ti ìgbéyàwó, ẹnì kan ní láti to ojú ewé kó sì ká a. Ẹ fún un ní ọ̀kan tó ti pé, tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kó máa wò ó. "Ṣe é dáadáa" kò ní ye é. "To mẹ́rin yìí, ká a sí méjì, fi sínú páálí, tó bá pé 50 pè mí" yóò ye é. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa rán an níṣẹ́. Ẹ gbé tábìlì rẹ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ ìgébébà àti jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ sì ra ohun tí wọ́n fi ń bo etí fún un. Tí iṣẹ́ bá máa yí padà lọ́la, ẹ sọ fún un lónìí.

Ní ti kíkí, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín àti àwọn oníbàárà tó máa ń wá pé kì í ṣe àfojúdi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọ́tísíìmù ni ojú èèyàn máa ń dà láàmú, wọ́n sì máa ń gbọ́ràn dáadáa tí wọ́n bá ń wo ilẹ̀. Ẹ lè kọ́ ọ ní "Ẹ káàárọ̀ sà" nígbà tó bá wọlé. Tó bá sọ ọ́ tó ń wo ògiri, ó ti kí yín.

Ọmọbìnrin ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ tí yóò mọ ìgbà tó ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìgbà tó dé. Kí ọkùnrin kankan má rán an wọ yàrá inú. Ẹ sọ èyí síta lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ kìíní, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Kí ó kọ́kọ́ wá ní ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́, kó wo gbogbo ibẹ̀, kó mọ ibi tí tábìlì rẹ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ kejì, kó wá fún wákàtí méjì. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì fún un, ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá san ti àwọn yòókù, iye kan náà fún iṣẹ́ kan náà. Ọwọ́ òun gan-an ni kẹ́ ẹ fi í lé, ẹ má fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.